Àbàwọ́n Aró

Owó iṣẹ́ ọwọ́ ló sọnù lọ́jọ́ náà,
náírà méjìlélógójì nínú àpò ìwé kan,
ní kíláàsì karùn-ún, nílé ìwé wa lẹ́bàá Ìtòkú,
kí Abẹ́òkúta tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní afárá olókè.
Èmi ni mo jókòó ti tábìlì.
Èmi ni bàtà mi ya.
Ẹni tí bàtà rẹ̀ ya ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò bí owó bá sọnù.

Tíṣà Ṣówẹ̀mímọ́ kò bi mí lẹ́ẹ̀mejì.
Ẹgba mẹ́fà, ọwọ́ ọ̀tún.
Mo kà á, torí òun náà ló kọ́ mi ní ìṣirò.
N kò sunkún. Mo kàn ń wo ẹfun tó lẹ̀ mọ́ etí àpò ẹ̀wù rẹ̀,
mo ń sọ nínú mi pé:
ẹni tó mọ gbogbo èyí, kò mọ̀ mí.

Lọ́jọ́ kejì, ó ṣí rẹ́jísítà láti pe orúkọ wa.
Ó pe Àbíádé, ó pe Bọ́sẹ̀dé, ó wá dákẹ́.
Àpò ìwé náà wà níbẹ̀,
láàárín oṣù kẹta àti oṣù kẹrin,
níbi tó fọwọ́ ara rẹ̀ fi í sí.
A kò rí i. Òun nìkan ló rí i.
Ó lè pa ìwé dé. Ta ni ìbá bi í?
Àgbà kì í jẹ̀bi lójú ọmọdé, bí wọ́n ti máa ń wí nìyẹn
níbi tí àgbà ti ń jẹ̀bi lójoojúmọ́.

Ó gbé e sókè kí gbogbo wa rí i.
Ó ní, "Fẹ́hìntọ́lá, ọwọ́ mi ló fi í pamọ́, ọwọ́ rẹ ló jìyà."

Nírọ̀lẹ́, ó bá mi délé.
Ìyá mi wà nídìí ìkòkò aró, apá rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá;
ilẹ̀ àgbàlá wa kì í gbẹ nígbà náà.
Kò wá àga. Kò wá ibi tó gbẹ.
Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja
tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan ṣoṣo tó ní.
Ìyá mi ké: "Ẹ dìde, Tíṣà, aró nìyẹn! Kì í bọ́ o!"
Ó ní, "Ẹ jẹ́ ó wà."

Kò bọ́ lóòótọ́.
Ọṣẹ dúdú kò ká a, omi Odò Ògùn kò ká a.
Títí a fi ṣe ìdánwò àṣejáde
ló wà láyà rẹ̀ bí ilẹ̀ kan
tí kò sí nínú máàpù tó fi kọ́ wa.
Àwọn tíṣà yòókù fi í rẹ́rìn-ín.
Àwa tí à ń parọ́ fún un tẹ́lẹ̀, a ò parọ́ fún un mọ́.

Èmi náà ti di tíṣà báyìí, ní Adátán.
Ìwé òfin iṣẹ́ wa wà nínú dúrọ́ọ̀ mi.
Mo ti kà á. Ó dára. Kò sí aró lára rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá ọmọ kan ki àpò ìwé bọ abẹ́ ìwé máàkì mi:
"Ẹ bá wa fi ogún kún un, ẹ kúkú mọ̀ pé ọpọlọ rẹ̀ pé."
Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lọmọ náà gbà.
Owó oṣù wa kò tí ì jáde. Òjò ń jò sí yàrá mi.
Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: owó náà sùn nílé mi mọ́jú.
Mo kà á. Mo tún un kà.
Mo ti fi ọkàn ra páànù mẹ́ta nínú rẹ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo dá a padà.
Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní n kò tí ì mọ ayé.
Ọmọ rẹ̀ kì í kí mi mọ́.
Mo ń dá a dúró bí wọ́n bá ti jáde, mo ní ká tún ìdá bẹ̀rẹ̀;
ojú fèrèsé ló ń wò,
ó ń ka ọ̀kadà tó ń kọjá.

Láràárọ̀, mo máa ń wo àyà ẹ̀wù mi nínú dígí.
Ó funfun báláú.
Kò tí ì tẹ́ mi lọ́rùn.